Ilé Tí A Máa Dàgbà Sí Ní Èkó: Ohun Tí Iṣẹ́ Yíyẹ Ilé Wò Kọ́ Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n bá àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto bọ̀ wálé yẹ ilé àti ilẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Ohun tí mo rí kọ́ jù lọ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ilé tí a ń rà láti tà lérè, ọ̀tọ̀ ni ilé tí a máa dàgbà sí. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó á gbọ́ pé ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kì ń gbówó lórí, nítorí èbúté tuntun àti iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí ní 2023, á sì kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé e. Ó lè jèrè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru lóru ní ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa gbé e gbà dé ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀nà náà sì gùn. Gbogbo ohun tí mo bá sọ níbí, ojú ẹni tí orúnkún ti ń dùn ni mo fi wò ó.

Mainland ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún: Gbàgádà, Ògùdù, Ìkẹjà, Magodo, Yábàá, Súrùlérè. Ilé ìwòsàn ńlá LASUTH wà ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn eegun sì wà ní Ìgbóbì. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà fún ọmọ tó ń bọ̀ wá kí òbí. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ ilẹ̀ pupa tó le, ìpìlẹ̀ ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbówó lé ènìyàn lórí. Ìsàlẹ̀ Èkó ní adùn tirẹ̀, ó sì wù mí pé àwọn kan ṣì ń padà sí Pópó Àgùdà àti Olówógbowó, níbi tí àwọn Àgùdà àti Sàró kọ́lé sí nígbà tí àwọn náà ti òkè òkun dé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ilé ẹbí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti mọ gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, títí dé ọmọ ọmọ tó wà ní Kùtọ́nú.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ háyà ilé ládùúgbò náà fún ọdún kan, kí òjò kan rọ̀ bá yín níbẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Owó háyà yìí máa ń dun àwọn tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n á ní ó ti lọ gbé. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Láàárín ọdún yẹn lẹ máa mọ iye wákàtí tí iná ń wà ní ti gidi, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń rí ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí ariwo ti ń wá lóru, àti bóyá dókítà tó mọ àìsàn yín wà nítòsí. Kò sí éjẹ́ǹtì tó lè sọ èyí fún yín.

Oṣù Ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ àṣìrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n gba ìsinmi, ìgbà yẹn ni ìgbéyàwó pọ̀, ìgbà yẹn náà ni éjẹ́ǹtì máa ń gbé wọn kiri láti Ìkàtè dé Sangotẹ̀dó. Òjò ti dá, ilẹ̀ ti gbẹ, iyanrìn funfun tí wọ́n dà bo irà ń dán nínú oòrùn. Oṣù Òkúdù àti Agẹmọ ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, á sì tún padà dé ní Owéwe àti Ọ̀wàrà. Ilé tí ẹ rí ní Ọ̀pẹ, ẹ padà lọ wò ó ní Agẹmọ, lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán pẹ̀lú fóònù tó ń ya fídíò, kó rìn láti ojú títì dé ẹ̀yìnkùlé láìdá fídíò náà dúró. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò bóyá ìlà omi wà níbẹ̀, nítorí onílé lè kun tirẹ̀, kò lè kun tàwọn ẹlòmíràn. Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn bóyá wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná nísàlẹ̀ ilé: bó bá jẹ́ pé ó ga dé àyà, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà mọ ibi tí omi ń dé ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní Lẹ́kì, òjò nìkan kọ́ ló ń fa ìyọnu. Gọ́tà àdúgbò ń tú sínú ọ̀sà. Nígbà tí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà kò ní ibi tó máa gbà, á dúró sójú títì. Ìdí nìyẹn tí ilé tí kò sún mọ́ omi rárá fi lè rí omi. Ní apá Mainland, odò Ògùn ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, Ìṣẹrí, Agbóyì, Ọ̀wọ́dé Onírin àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú ló ń gbà á, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ nínú oṣù Owéwe sí Ọ̀wàrà. Ẹni tó bá lọ wo ilé lápá ibẹ̀ ní Agẹmọ lè má rí nǹkan kan. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ojú omi bóyá ilé náà wà lójú ọ̀nà omi ìjọba. Ní 2023 ìjọba wó ilé púpọ̀ ní apá Ìkọta nítorí èyí, àwọn kan nínú wọn ṣì ní ènìyàn nínú.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ jù. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé ní 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni à ń rà, C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, sì máa ń fún ni ní ẹ̀tọ́ yẹn fún ọdún 99. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé ni wọ́n ti ń kà á. Èyí tó jáde ní 1985, 2084 ni yóò parí, ìgbà yòówù kí ẹ rà á. Bí ẹ̀tọ́ yìí bá máa kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gómìnà ní láti yọ̀ǹda.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sọfíyọ̀, ẹni tẹ́ ẹ fúnra yín mú, tó ní ìwé àṣẹ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn sọfíyọ̀ sílẹ̀, tí kò mọ onílẹ̀ tàbí éjẹ́ǹtì náà rí. Ìwé sọ́fè tí onílẹ̀ mú wá ní nọ́ńbà fún igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń tọ́ka sí ìlà-oòrùn àti èyí tó ń tọ́ka sí àríwá. Sọfíyọ̀ yín á lọ sórí ilẹ̀, á wá píllà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á gba nọ́ńbà tirẹ̀, á sì gbé méjèèjì síra. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹ dáwọ́ dúró. Ìwà jìbìtì tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n mú nọ́ńbà ilẹ̀ tó mọ́ níbòmíràn, kí wọ́n fi kọ ìwé fún ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ẹni tó bá gbé ìwé yẹn nìkan lọ sí Alausa á gbọ́ pé ilẹ̀ mọ́, òótọ́ sì ni, àmọ́ ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà tí sọfíyọ̀ yín gbà lórí ilẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa fún charting, ìyẹn ni kí wọ́n gbé e sórí máàpù ìjọba láti mọ ipò tí ilẹ̀ náà wà.

Ìdáhùn tí ẹ máa gbà níbẹ̀ lè jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ilẹ̀ lè wà lómìnira. Ó lè wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba gbà lápapọ̀ tí wọn kò tíì yan iṣẹ́ kan fún. Irú èyí ṣeé lọ bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n sì lè fọwọ́ sí i lẹ́yìn owó àti àkókò. Ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ọ̀nà, ilé ìwé tàbí ojú omi. Ìyẹn, ẹ sá fún un. Kò sí lọ́yà tó lè tún un ṣe. Excision ni kí ìjọba yọ apá kan padà fún abúlé tàbí ẹbí, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà àti ojú ìwé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé excision ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti ìjọba títí di ọjọ́ tí gásẹ́ẹ̀tì bá jáde. Kódà bí gásẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ jẹ́ kí sọfíyọ̀ wò ó bóyá ilẹ̀ tiyín bọ́ sínú ààlà tí wọ́n yọ, torí abúlé kan lè gba ilẹ̀ díẹ̀ kó sì máa tà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni lọ́yà á wá lọ yẹ ìwé wò ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, ní Alausa kan náà: orúkọ ta ló wà níbẹ̀, ṣé báńkì gbé e dúró fún gbèsè, ṣé ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá C of O náà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, nítorí ìjọba àpapọ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, bíi ti Festac àti apá kan Ìkòyí, ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ sì yàtọ̀. Nínú ẹ́sítéètì, C of O tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo ẹ́sítéètì, lórúkọ iléeṣẹ́ tó ń tà. Ohun tí wọ́n máa fún yín ni ìwé ìfàléni-lọ́wọ́ (Deed of Assignment). Ẹ̀yin lẹ máa wá ìyọ̀ǹda gómìnà fún ilẹ̀ tiyín, owó rẹ̀ kò sì sí nínú iye tí wọ́n kọ sára pátákó.

Láti 2015 ni Èkó ti dín owó ìyọ̀ǹda yìí kù sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún: 1.5 fún ìyọ̀ǹda gan-an, 0.5 fún owó orí èrè, 0.5 fún sítáǹbù, 0.5 fún ìforúkọsílẹ̀. Iye tí ìjọba bá fún ilé náà ni wọ́n ń gbà á lé lórí, ó sì lè ju èyí tí ẹ kọ sínú ìwé lọ. Owó orí ń yí padà, ẹ béèrè iye tó wà lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe é. Ẹ má fi í sílẹ̀ di ọdún mélòó kan. Ìjìyà owó wà fún ìdádúró, ẹni tó tà á lè kú kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó kù, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọmọ rẹ̀ kiri.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, òfin ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn olórí ojúlé ṣe, àwọn yẹn lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Bí olórí ojúlé bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, lójú òfin wọn kò tà á rárá. Nítorí náà gbogbo wọn ni kí ó fọwọ́ sí i, pẹ̀lú fọ́tò àti orúkọ ojúlé tí oníkálùkù ti wá. Ẹbí tó bá ní ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí lọ́yà gba ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ lu òǹtẹ̀ lé, kó sì ka ibi tí ìdájọ́ náà dé, nítorí ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga lọ́wọ́ nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá a nù. C of O pàápàá kò dá ẹjọ́ dúró. Ní Magodo Phase 2, ìjọba ló fún àwọn onílé ní ilẹ̀, síbẹ̀ ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2012, tó sọ pé kí wọ́n fún àwọn onílẹ̀ Ṣángíṣá ní ilẹ̀ 549, kó gbogbo àdúgbò láyà sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Owó ìpìlẹ̀, owó fẹ́ǹsì, owó dẹ́kìn, owó páànù: òfin ìpínlẹ̀ ti 2016 tó ń dáàbò bo dúkìá kà á léèwọ̀ fún ọmọ onílẹ̀ láti fi agbára gba irú owó wọ̀nyí. Wọ́n ṣì ń wá. Ara ìdí tí mo fi máa ń gba àgbàlagbà níyànjú pé kó ra ilé tó ti parí, ní títì tí ènìyàn ti ń gbé, nìyẹn. Kíkọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó lè dúró lórí ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá ti pinnu láti kọ́ ọ láti òkè òkun, ẹ fi iṣẹ́ tí ojú rí sanwó, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, lórí ìwé ìdíyelé tí quantity surveyor ṣe. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ lè ka iṣẹ́ láti inú fọ́tò: mítà kan lójú mẹ́rin ògiri máa ń gba nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 10, ìbáà ṣe oní-ínṣì 9 tàbí oní-ínṣì 6. Bí ògiri tó wà lórí ilẹ̀ bá jẹ́ mítà 200 lójú mẹ́rin, tí wọ́n ní àwọn ti lo búlọ́ọ̀kù 3,500, ẹ mọ ohun tí ẹ máa béèrè. Àpò sìmẹ́ǹtì kan yẹ kó fún yín ní búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 tó tó 25 sí 30. Ibi tí wọ́n bá ti ń mú 40 jáde, búlọ́ọ̀kù náà á máa fọ́ lọ́wọ́.

Ilé tó ti parí náà ní ohun tí a ń wò. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda ìkọ́lé tí LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yọ̀ǹda ìkọ́lé, fún wọn, kí ẹ ka iye àjà tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ka iye tó wà níwájú yín. Ẹ béèrè ìwé tí LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, máa ń fún ilé tó yẹ fún gbígbé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ohun èlò ìkọ́lé wò lè fi ẹ̀rọ dán kọnkéré wò láìfọ́ ọ; owó rẹ̀ kéré sí ohun tí ẹ fẹ́ ná. Bí ògiri ìsàlẹ̀ bá ní iyọ̀ funfun tàbí tí ọ̀dà ń ṣí láti ilẹ̀ dé orúnkún, omi ilẹ̀ ló ń fà gòkè nítorí wọn kò tẹ́ ike sí orí ìpìlẹ̀. Ọ̀dà tuntun kò lè wo èyí sàn. Iyanrìn etí òkun tí wọn kò fọ iyọ̀ rẹ̀ dànù máa ń jẹ irin inú kọnkéré: ẹ wo abẹ́ dẹ́kìn àti abẹ́ bákónì, bóyá ó ń sán tẹ̀lé ojú irin, tí àmì ìpẹtà sì hàn. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń jẹ páànù àti irin ojú fèrèsé àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù. Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 0.55 ni mo máa ń fẹ́, 0.45 tí àwọn olùkọ́lé ń lò láti dín owó kù kì í pẹ́ tó o.

Ní ti ara àgbàlagbà, dùpúlẹ́ẹ̀sì tó kún Lẹ́kì kò bá a mu: pálọ̀ wà nísàlẹ̀, gbogbo yàrá wà lókè. Ẹ wá èyí tó ní yàrá kan pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí ilé ilẹ̀, tàbí fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ àjà kẹrin tó ní líìfì, ẹ béèrè ta ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, kí ẹ sì wo ìwé ìnáwó ẹ́sítéètì náà fún ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ fi téèpù wọn àtẹ̀gùn. Mìlímítà 150 ni gíga tó rọ orúnkún lọ́rùn. Mo máa ń bá 200 níbi púpọ̀. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 700 tàbí 750, kẹ̀kẹ́ aláìsàn kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kó tó 900. Táìlì tó ń dán ni kí ẹ kọ́kọ́ hú kúrò ní balùwẹ̀, kí ẹ fi èyí tó rí ṣákaṣàka rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì kan irin dídìmú mọ́ ògiri. Irin ojú fèrèsé yàrá ní láti ní ojú kan tó ń ṣí láti inú, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó so sí itòsí. Bí iná bá sọ nínú ilé, irin tí kò ṣeé ṣí á sé ènìyàn mọ́lé.

Omi. Ẹ pọn omi bọ́ọ̀hóòlù sínú báàfù funfun, kí ẹ gbé e sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá mọ́ lálẹ́ tó sì di pupa láàárọ̀, irin ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló yọ ọ́ jáde. Ìyẹn ní àtúnṣe: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi, lẹ́yìn náà táǹkì àsẹ́, tí wọ́n á máa da omi padà gba inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà dí. Ti iyọ̀ le ju ìyẹn lọ, ẹ tọ́ omi náà wò. Ilẹ̀ kan ní Èkó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 ní fífẹ̀ àti mítà 36 ní gígùn. A fẹ́ kí sókáwèé tó mítà 30 sí bọ́ọ̀hóòlù, ìyẹn sì lè ṣeé ṣe bí ọ̀kan bá wà ní igun iwájú, tí èkejì wà ní igun ẹ̀yìn ní òdìkejì. Àmọ́ sókáwèé aládùúgbò wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì yín, ẹ kò sì lè gbé tirẹ̀ kúrò. Nítorí náà ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò fún kòkòrò ìgbẹ́, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Ní ilẹ̀ tí omi sún mọ́ òkè, sókáwèé kì í fa omi mọ́ lásìkò òjò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á máa dá omi padà. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra lọ́jọ́ tí ẹ lọ ní Agẹmọ.

Iná Band A túmọ̀ sí wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, ó sì gbówó lórí púpọ̀ láti oṣù Igbe 2024. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò bóyá wọ́n ń rí wákàtí yẹn. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ mú nọ́ńbà mítà lọ sí Ikeja Electric tàbí Eko Electricity kí wọ́n sọ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Fún tọkọtaya kan, ínfátà 5kVA pẹ̀lú bátìrì lithium 10kWh tó: fíríìjì, fáànù mẹ́rin, iná, tẹlifíṣọ̀n, àti ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan ní yàrá ibùsùn mọ́jú. Pánẹ́ẹ̀lì 8 oní-550 wáàtì máa kún bátìrì náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, iná ìjọba ló máa parí ìyókù. Èmi á fi owó sí èyí ṣáájú jẹnẹrétọ̀, torí àgbàlagbà kò lè máa gbé kẹ́ẹ̀gì epo kiri.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló ń yà wọ́n lẹ́nu jù. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san kì í lọ sókè lọ́dọọdún fún ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà. Ẹni tó kó wálé nígbà tó ń gba pọ́ún 221.20 lọ́sẹ̀ ní 2024, iye yẹn náà ló máa gbà ní 2044 bó bá ṣì wà níbí, nígbà tí ti ojúgbà rẹ̀ ní Peckham ti di 230.25 ní ọdún kejì. Ẹ fi èyí ṣe ìṣirò kí ẹ tó kó gbogbo owó ìpamọ́ lé ilé. Wọ́n tún máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti mọ̀ pé ẹni náà wà láàyè. Bí kò bá padà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á dá owó dúró, nítorí náà àdírẹ́sì tí lẹ́tà lè dé ṣe pàtàkì. Medicare ti Amẹ́ríkà kì í sanwó ìtọ́jú níbí, ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì sì wà fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, níbí ń fi ọjọ́ orí ṣe ààlà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ ní pọ́ún tàbí dọ́là.

Ẹ má ṣẹ́ gbogbo owó sí náírà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó rántí oṣù Òkúdù 2023, nígbà tí náírà já wálẹ̀, mọ ìdí. Ẹ gba báńkì fi owó ránṣẹ́ kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní oríṣi àkáǹtì méjì fún ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé òkè òkun. Àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ bá orúkọ orí ìwé ilé mu nìkan ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì. Kéèṣì tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ kò bófin mu láàárín ẹnì kan sí ẹnì kan.

Ó ku orúkọ. Bí ọkùnrin bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí wọ́n sì fi àṣà pín dúkìá rẹ̀, ilé náà di ilé ẹbí, Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ló máa dúró lé e lórí. Ìdí-igi ni àṣà tí ilé ẹjọ́ gbà nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu: iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń wò. Orí-ò-jorí, ìyẹn pínpín dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà máa ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó wà ní Manchester lè má gbọ́ títí tí wọ́n á fi pín in tán. Ẹ kọ orúkọ tọkọtaya méjèèjì sórí ìwé, kí lọ́yà sì kọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kù láyé. Ẹ ṣe ìwé ìhágún, kí ẹ fi í pamọ́ sí Probate Registry ilé ẹjọ́ gíga Èkó. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀, nítorí ọmọ tí ẹ ń pè ní Délé lè jẹ́ Michael nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé sọ́fè, ìwé ìfàléni-lọ́wọ́ àti ìyọ̀ǹda gómìnà ránṣẹ́ sí wọn. Òfin Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé àti ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́dọọdún, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì yín lọ béèrè fún un ní ọdún tí ẹ bá wọlé.